Ta Ni Ó Ni Ẹ̀kọ́ Ìjọ?

 

Ìbéèrè tí olóòtú gbé lé mi lọ́wọ́ rọrùn láti bèèrè, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dáhùn. Ó ní: bí àwọn olórí ìjọ bá yí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti fi kọ́ àwọn ọmọ ìjọ padà, kí ni kí onígbàgbọ́ ṣe? Ṣé olórí ni kí ó tẹ̀lé ni, àbí ẹ̀kọ́ tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ ni kí ó dì mú? Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti dá a lóhùn nínú ọkàn yín kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹnìkan ní olórí ni Ọlọ́run fi ṣọ́ agbo, ibi tí ó bá yà sí ni àwọn àgùntàn yóò yà sí. Ẹlòmíràn ní Bíbélì wà lọ́wọ́ òun, òun sì mọ̀ ọ́n kà, òun kò wá kí ẹnikẹ́ni máa kà á fún òun. Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì ti yá jù. Ẹni tí ó sọ ti àkọ́kọ́ kò tíì rí olórí tí ó ṣìnà rí. Ẹni tí ó sọ ti ìkejì kò rántí pé àwọn àgbà kan ni ó kọ́ òun ní bí a ti í ka Bíbélì náà, àti ohun tí òun ń rí nínú rẹ̀.

Nítorí náà n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìjọ ní gbogbogbòò, bí ẹni tí ń sọ òkò sínú ọjà. Ìtàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa níhìn-ín, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó, láti Èkó dé Ìbàdàn àti Iléṣà, tí àpá rẹ̀ kò sì tíì parẹ́. Ìtàn àwọn Aládùúrà tí wọ́n padà di Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì ni. Nínú ìtàn náà, ọ̀rọ̀ kan ni n ó tẹjú mọ́, èyí ni ọ̀rọ̀ ìwòsàn àti oògùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn Aládùúrà ni ó kọ́kọ́ kọ̀ fún àwọn olórí wọn. Ní 1888, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó ti jáde kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nárì Amẹ́ríkà, Mọ́jọlá Àgbébí sì wà lára wọn. Ní 1890 ni àwọn òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kò tó ti ọmọ rẹ̀ fi Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wọ́lẹ̀ ní Onitsha, bàbá arúgbó náà sì kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Ọdún 1891 kan náà ni a dá United Native African Church sílẹ̀. Ní 1901 ni apá kan nínú ìjọ Breadfruit ní Èkó jáde, tí wọ́n sì di African Church. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìyapa wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ta ni yóò jókòó sórí àga ni ó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ. Bí a ti ń jọ́sìn, ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú kátíkísìmù, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ti Ìjẹ̀bú-Òde ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gan-an.

Ní 1918, bí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti ń parí lọ, àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́nsà bá ọkọ̀ òkun wọ Èkó, ó sì tàn dé inú ìlú wa gbogbo. A ti ilé ẹ̀kọ́, a ti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn dókítà kò ní oògùn tí ó lè wò ó, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní gbogbo ayé, kò sí dókítà kan tí ó ní in. Nínú ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ènìyàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé fún àdúrà. J. B. Ṣàdáre, alágbẹ̀dẹ wúrà tí ó tún jẹ́ ẹni pàtàkì nínú ìjọ, wà pẹ̀lú wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan náà wà níbẹ̀, Sophia Ọ̀dúnlàmí ni orúkọ rẹ̀, ẹni tí ó ní òun gbọ́ ohùn kan nínú àìsàn òun pé kí àwọn ènìyàn jáwọ́ nínú oògùn, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà àti omi òjò tí Ọlọ́run yóò rọ̀ fún wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ yìí, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà láìrò ó. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nárì ti dé ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn baba wa pé kí wọ́n da ìgbádí nù, kí wọ́n sun ìfúnpá, kí wọ́n fọ́ ìkòkò àgbo, kí wọ́n má ṣe dé ọ̀dọ̀ babaláwo mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n nílé babaláwo, ìwòsàn àti ẹ̀sìn kò yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó gba àgbo, ó gba ẹbọ mọ́ ọn. Ẹni tí ó gba àgúnmu, ó gba ọfọ̀. Nígbà tí a wá sọ fún onígbàgbọ́ pé kí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ni a fún un ní ìdí pò? Ilé ìwòsàn òyìnbó kò pọ̀, ó sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ ìlú. Nígbà tí ó sì di 1918, èyí tí ó wà náà kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde wọ̀nyí kò ṣe ju pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ míṣọ́nárì gbọ́ dé òpin rẹ̀ lọ. Bí Ọlọ́run bá tó láti gbé ọkàn wa lé, wọ́n ní, kí ló dé tí kò fi ní í tó láti gbé ara wa lé? Bí oògùn babaláwo bá jẹ́ àìnígbàgbọ́, kí ló sọ ti òyìnbó di ìgbàgbọ́? Mo ti ń wá ẹni tí yóò fún mi ní ìdáhùn tí ó dán mọ́rán sí ìbéèrè kejì yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dáhùn nígbà náà kò kà wọ́n sí ẹni tí a ń dá lóhùn.

Ìjọ Áńgílíkà kò gbà fún wọn. Yàtọ̀ sí ti oògùn, wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ mọ́, wọ́n sì ń gbójú lé àlá àti ìran. Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones bá wọn sọ ọ́, wọn kò yẹsẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1922 wọ́n ti wà lóde ìjọ náà. Ṣàdáre pàdánù ipò rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ náà sì ba iṣẹ́ àwọn mìíràn jẹ́. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi olórí sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́.

Ìgbà kejì ta ojú ọ̀rọ̀ pọ̀. David Ọ̀dúbánjọ, ọ̀kan nínú wọn ní Èkó, ti rí ìwé ìròyìn ìjọ kan tí ń jẹ́ Faith Tabernacle ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ìjọ yìí náà kò gba oògùn rárá, kì í sì í ṣe ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Àfi bí ẹni pé àwọn ìbejì tí a pín níyà ni wọ́n rí ara wọn. Wọ́n gba orúkọ ìjọ náà, ẹ̀ka rẹ̀ sì tàn ní ìlú wa. Òyìnbó kankan kò tẹ̀lé ìwé náà wá o. Lẹ́tà, ìwé ìròyìn àti ìwé pélébé nìkan ni ó ń kọjá lórí òkun. Mo rò pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí ó dùn mọ́ wọn: olórí tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kò lè gba àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1925 sí 1929 nǹkan dàrú. A fi ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ kan olùṣọ́ àgùntàn Clark tí í ṣe olórí wọn ní Philadelphia, ìjọ náà sì pín sí méjì lọ́hùn-ún. Àwọn ará ibí bèèrè òyìnbó tí yóò wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn kò rí. Àwọn kan nínú wọn ti ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀ nínú àdúrà, Philadelphia sì ní èyí kò tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni okùn já. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé bí okùn ti já, wọn kò padà sídìí kuníìnì, wọn kò sì padà sí St. Saviour. Olórí tí ó fi ọ̀rọ̀ ìwòsàn yẹn ránṣẹ́ sí wọn nínú ìwé ṣubú, ọ̀rọ̀ náà kò bá a ṣubú. Ìyẹn ni ó fi hàn pé kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ ni, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú ọ̀nà mọ́lẹ̀ ni ó ń wà fún P.W.D. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó sì gbọ́ ìpè. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní òbí àgbà ní agbègbè náà ti gbọ́ ọ: àwọn ènìyàn ń wọ́ wá láti ìlú méje-méje, wọ́n ń gbé omi wá fún ìbùkún, wọ́n ń da ère sínú iná. Àwọn ìjọ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ rí i pé ìjókòó àwọn ń ṣófo. Ìjọba àmúnisìn pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ní 1932 Babalọlá fi oṣù mẹ́fà ṣe ẹ̀wọ̀n ní Benin.

Èyí mú kí wọ́n wá ààbò. Bí a bá ní òyìnbó ní ilé, wọ́n ní, ajẹ́lẹ̀ kò ní í máa ṣe wá bí ó ti wù ú. Wọ́n kọ̀wé sí Ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìsọjí ilẹ̀ Wales, tí ilé iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Bradford. Ní 1931 àwọn mẹ́ta wá bẹ̀ wọ́n wò: Dan Williams, Jones Williams arákùnrin rẹ̀, àti Andrew Turnbull. Ní 1932 George Perfect àti Idris Vaughan dé láti máa gbé níbí. Àwọn Aládùúrà gba orúkọ ìjọ náà. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí mo ń lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó bá ara wọn ní 1931, bí a bá bi àwọn tiwa pé, “Ṣé ẹ gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́?” wọn yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bí a bá bi àwọn òyìnbó náà, wọn yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Méjèèjì kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ní ìtumọ̀ méjì. Lójú àwọn ará Bradford, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn nípa àdúrà, kí a sì máa gbàdúrà fún un. Bí ẹnìkan bá lo oògùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni. Lójú àwọn tí ó ti la 1918 kọjá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run nìkan ni, kò sí àlùmọ́ọ́nì mìíràn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ìyàtọ̀ náà sí abẹ́ ẹní.

Kò pẹ́ tí ẹní náà fi ká. Kí ó tó di 1939, ó ti di mímọ̀ pé àwọn míṣọ́nárì a máa lo kuníìnì láti fi dènà ibà. N kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n lò ó. Ibojì òyìnbó ni a ń pe etíkun wa yìí ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú, ẹni tí a kò bí sínú ibà kò ní agbára tí a ní sí i. Wọ́n sì ní ẹsẹ̀ Ìwé Mímọ́ tí wọ́n dúró lé: Aísáyà ni ó ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo ọba Hẹsikáyà, oníṣègùn ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù pàápàá gba Tímótì nímọ̀ràn wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Àwọn tiwa náà ní tiwọn: ọba Ásà tí ó wá oníṣègùn tí kò wá Olúwa, ó kú, Jákọ́bù sì ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, kò ní kí ó pe dókítà. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n máa ka ẹsẹ̀ fún ara wọn títí di òní, wọn ì bá tíì parí.

Ẹ jẹ́ kí a gbé obìnrin kan kalẹ̀ nínú èrò wa, kí a má ṣe fún un ní orúkọ. Ní 1930 ó gbọ́ ìwàásù ní Iléṣà, ó kó ìfúnpá rẹ̀ àti ìkòkò àgbo rẹ̀ jáde. Ní 1934 ibà gbé ọmọ rẹ̀ dè. Ó gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún un ní omi ìbùkún, wọ́n gbààwẹ̀. Ọmọ náà kú. Ìyá rẹ̀ kò sẹ́. Ó ní bí Ọlọ́run ti fẹ́ ni. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wá gbọ́ pé òyìnbó tí ń wàásù níwájú òun, tí ó gbé ọwọ́ lé òun lórí, a máa gbé kuníìnì mì kí ibà má bàa dé ọ̀dọ̀ òun rárá. Ẹ̀yin òǹwòran, kí ni ẹ rò pé obìnrin yìí yóò bèèrè? Mo rò pé kò ní í bèèrè bóyá kuníìnì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí yóò bèèrè ni pé, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

Níbẹ̀ ni ẹ̀bi olórí wà, lójú tèmi. Kò sí nínú pé ó mọ ohun tí ọmọ ìjọ kò mọ̀, kò sí nínú pé èrò rẹ̀ yàtọ̀ tàbí pé ó yí padà. Ó wà nínú pé ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn máa ru ẹrù tí òun kò gbé rí, ó rí wọn lábẹ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́ kí agbo má bàa tú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwọn míṣọ́nárì kò fi pamọ́, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè ì bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú ìjọ kì í bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ olórí. Olórí ni ó yẹ kí ó sọ ọ́.

Kì í ṣe kuníìnì nìkan ni ó fọ́ ilé náà, kí n má ṣe sọ àsọdùn. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe àkóso ìjọ àti ohun ìní rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì dun àwọn àgbà kan pé àwọn tí ó dé sí ilé tí wọ́n ti kọ́ parí ń sọ fún wọn ibi tí wọn yóò jókòó sí. Láàárín 1939 sí 1941 ìjọ pín. Ọ̀dúbánjọ, Isaac Akínyẹlé àti Babalọlá jáde pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó fi Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Àwọn mìíràn dúró ti Bradford, Olùṣọ́ àgùntàn S. G. Adégbóyèga ní Èkó wà lára wọn, Ìjọ Àpọ́sítélì náà sì wà títí di òní. Ẹni tí ó bá rìn ní àwọn ìlú wa yóò rí ilé ìjọsìn méjèèjì, nígbà mìíràn ní òpópónà kan ṣoṣo. N kò gbà pé àwọn tí ó dúró kò ní ìgbàgbọ́ tó àwọn tí ó jáde. Àwọn kan dúró nítorí pé wọ́n ti dá májẹ̀mú, májẹ̀mú kì í sì í ṣe aṣọ tí a ń bọ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀kọ́.

Àwọn tí wọ́n ń pọ́n àwọn tí ó jáde lé ló yẹ kí wọ́n wá dúró gbọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi olórí sílẹ̀: Bíṣọ́ọ̀bù, Philadelphia, Bradford. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan wọ́n ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti olórí, pé olórí pàápàá wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn 1943, àwọn fúnra wọn ni olórí. Babalọlá kú ní 1959, Ọ̀dúbánjọ kú ní ọdún kan náà, Akínyẹlé kú ní 1964. Ìwòsàn àtọ̀runwá ṣì wà nínú àwọn ẹ̀kọ́ ìjọ náà bí a ti tẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Ìjọ náà sì ní àwọn ilé ìbímọ tirẹ̀, níbi tí àwọn ìyá agbẹ̀bí ti ń fi àdúrà àti omi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí ní ìlú wa lónìí, ẹ ó bá àwọn ọmọ ìjọ náà níbẹ̀: lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, nínú ẹ̀wù funfun dókítà. Mi ò sọ pé ó burú; inú mi dùn sí i. Ìbéèrè mi ni pé, ọjọ́ wo ni a sọ ọ́? Ta ni ó dìde tí ó ní, “Ẹ̀yin ará, bí a ti lóye ọ̀rọ̀ yìí ní 1918, a kò lóye rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyí”? Ní ibi púpọ̀, ìyípadà náà kàn yọ́ wọlé ni, bí omi ti ń yọ́ wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó kan yóò ṣì jókòó sí apá ọ̀tún, tí kò lo oògùn kankan láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì ti sin ọmọ nítorí rẹ̀. Ní apá òsì, ẹni tí ó ti ilé ìwòsàn bọ̀ ń jẹ́rìí pé Olúwa lo dókítà láti wo òun sàn. Wọ́n ń ṣe àmín pọ̀. Kò sí ẹni tí ó bá ìyá náà sọ ohunkóhun.

Èyí kò yàtọ̀ sí ti Bradford. Ìdákẹ́ kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé èdè Yorùbá ni a fi dákẹ́ ní báyìí. Ẹ má sì ṣe rò pé ìjọ yìí nìkan ni mo ń bá wí. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1925 ti pín ní 1929, ó sì ń pín lọ lẹ́yìn èyí. Ní ti Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì, láti nǹkan bí 1990 ni aáwọ̀ olórí ti gbé wọn dé ilé ẹjọ́. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu fún mi ni pé nínú gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí, a máa ń gbọ́ nípa àga, ilẹ̀, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ nípa ohun tí ó mú kí àwọn baba wọn fi St. Saviour sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú tẹbí-tará kan wá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn kan ń rò pé ẹni tí ẹ̀kọ́ yà kò lè jẹun nínú àwo kan mọ́. Isaac Akínyẹlé tí mo dárúkọ yìí, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn ní 1911, ni ó di Olúbàdàn ní 1955, ó sì jẹ́ ààrẹ Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Babátúndé Akínyẹlé, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ibadan Grammar School láti 1913, kò kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní 1952 ó di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Ọmọ ìyá méjì nìyí. Èkíní gbà pé ìjọ tí a bí i sí ṣì gbà á láyè láti sin Ọlọ́run pẹ̀lú òtítọ́. Èkejì gbà pé kò gbà á láyè mọ́. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé olórí kan ni ó ronú fún èyíkéyìí nínú wọn.

Nítorí náà, bí olóòtú bá fi dandan lé e pé kí n dáhùn, èrò tèmi nìyí. Olórí lè yí padà. Ẹni tí kò lè yí padà kò lè kọ́ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá yí padà, kí ó jáde wá sọ ọ́ ní gbangba, kí ó dárúkọ ohun tí ó ń sọ tẹ́lẹ̀, kí ó dárúkọ ohun tí ó ń sọ báyìí, kí ó sì lọ sílé àwọn tí ó ti san owó ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà. Ọmọ ìjọ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, kí a má sì ṣe pè é ní ọlọ̀tẹ̀ nítorí ìbéèrè. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dúró lórí ẹ̀kọ́ ti 1918, tí ó fẹ́ fi ara tirẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láìlo oògùn, àgbàlagbà ni, kí a bọ̀wọ̀ fún un. Ti ọmọdé ni n kò gbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ibà gbé dè kò tíì gba ẹ̀kọ́ kankan gbọ́. Ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn ni a fi ń san gbèsè lórí rẹ̀. Àwọn Aládùúrà ìgbà àkọ́kọ́ ni ó kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ nítorí pé kò lè gbàgbọ́ fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ìrònú yẹn dé orí bẹ́ẹ̀dì àìsàn, bí wọ́n ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ míṣọ́nárì dé òpin nígbà kan.

Olóòtú, mo rí i pé Olùṣọ́ àgùntàn tí ó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ ilé ìwòsàn, bàbá wa tí ó wà ní apá kejì sì ti ṣí Bíbélì rẹ̀ sí ìwé Jákọ́bù. N ó dákẹ́ níbí kí àwọn náà lè sọ tiwọn.